Ohun Tí Wọ́n Fi Sí Wa Níkàáwọ́

Bí obìnrin kan bá gbé fóònù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìmọ̀ta pé kò gba iná mọ́, kì í ṣe fóònù nìkan ló gbé wá. Àkọsílẹ̀ owó àjọ tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà wà nínú rẹ̀. Àwòrán ọmọ rẹ̀ tó ti di olóògbé wà nínú rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́, tí ọkọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ sí, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí òun àti àbúrò rẹ̀ ti bára wọn sọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn. Yóò ya bébà pélébé, yóò kọ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i, yóò ní, “Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tètè ṣe é, ọ̀la ni màá padà wá,” yóò sì wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ. Títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́, èmi àti Ọlọ́run nìkan la ó mọ ohun tí mo fi bébà yẹn ṣe.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn, mò ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní ohun olówó nìkan, tó ń di ti mẹ̀kúnnù, lẹ́yìn tí GSM wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001. Nígbà tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo kó wá sí Ìmọ̀ta, nítorí mo rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ń san owó ọkọ̀ dé Ìkòròdú nítorí ṣájà lásán. Ìlú àgbẹ̀ ni, ó ṣì jẹ́ ìlú àgbẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n láti 2008 ni Yunifásítì Caleb, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn Kristẹni dá sílẹ̀, ti wà láàrin wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari wá ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ti ìjọba Èkó, tí wọ́n kọ́ láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Nínú ìjọ wa lónìí, ẹnì kan ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta kúrò lára ìrẹsì, ẹnì kan ń ṣe POS ní ẹ̀bá ọjà, ẹnì kan ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé. Ẹ̀rọ ni púpọ̀ wa fi ń bọ́ ọmọ. Kò yẹ kí ìgbàgbọ́ wa dákẹ́ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Bí wọ́n bá pè mí láti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń retí ni kí n sọ bóyá ó tọ́ láti máa ka Bíbélì lórí fóònù nínú ìsìn, tàbí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni TikTok. Mo máa ń dáhùn ní ṣókí kí n lè tètè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìjọ ilẹ̀ Yorùbá kò fìgbà kankan jẹ́ àjèjì sí ẹ̀rọ. Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Abẹ́òkúta ní 1854. Òun ló fi tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá láti 1859, àwọn ọmọ wa sì kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé nídìí rẹ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún túmọ̀, jáde ní 1884. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo giramafóònù ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn bàbá wọ̀nyí kò bi ara wọn bóyá ẹ̀rọ mọ́ tàbí kò mọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó gbé ni wọ́n gbájú mọ́. Níbi tí mo bá bá ọ̀rọ̀ dé yìí, mo máa ń rí i pé ojú àwọn ọ̀dọ́ ti ń wálẹ̀, torí wọ́n rò pé ìbéèrè ti tán. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo kì í lè fò dá, ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Kí ó tó di wòlíì, ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ojú títì ló ń wa fún ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba, P.W.D. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Akúrẹ́, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún un ṣe títí, kò jí. Ìdí rẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn tó pè é. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó gba agogo, nígbà tó sì di 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, èyí tí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, CAC, ti ara rẹ̀ jáde. Ní Ìkẹjì-Arákejì, níbi tí ẹ̀rọ náà kú sí, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ìran wòlíì ni mo ti wá ní ti ìgbàgbọ́, n kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ àìnáání kankan sí Bàbá Babalọlá. Àmọ́ ọ̀nà tí a ń gbà sọ ìtàn rẹ̀ ti kó bá ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. A ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ tí ènìyàn bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ni iṣẹ́ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí sọ́dà ju ọwọ́ tèmi lọ, wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ kúrò, pé òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ Ọlọ́run. Mo bi í léèrè pé, “Ṣé Olúwa ló pè ọ́, àbí o rò pé ibi tí o wà yìí kò kan Olúwa?” Kò dáhùn. Mo ní kó lọ ka Ẹ́kísódù orí 31. Besaleli ọmọ Úrì kì í ṣe àlùfáà, kò sì gun orí àga ìwàásù kankan. Wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi ni iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ Ìwé Mímọ́ sọ pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ló kún un kí ó lè mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Ọlọ́run pe Babalọlá kúrò nídìí ẹ̀rọ. Àwa tó pọ̀ jù, ìdí ẹ̀rọ ló pè wá sí, ibẹ̀ ni yóò sì ti bi wá léèrè.

Ẹni tó tún yẹ kí àwa oníṣẹ́ fóònù máa kà nípa rẹ̀ ni Jósẹ́fù nínú ilé Pọ́tífárì. Ọ̀gá rẹ̀ fi gbogbo ohun tó ní sí i lọ́wọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn wò wọ́n mọ́. Ìgbà tí kò sí ọkùnrin kankan nínú ilé ni ìdánwò dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa. Kò sí ẹni tó ń wò wá, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pààrọ̀ ojú fóònù, ó yẹ kí n dán an wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ pé, bóyá ó ń gbọ́ ìka níbi gbogbo. Lórí Samsung, bí ènìyàn bá tẹ *#0*#, yóò ṣí ojú ewé àyẹ̀wò tí àwọn tó ṣe fóònù náà fi síbẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí: pupa, àwọ̀ ewé, aró, ìfọwọ́kàn, ohùn, kámẹ́rà. Bí mo bá fẹ́ mọ IMEI, *#06# ni. Kò sí ọ̀kankan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tó ní kí n wọ ibi tí àwòrán wà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò ní, “Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá kámẹ́rà ṣì mọ́lẹ̀,” yóò ya ilẹ̀, yóò ṣí àwòrán ilẹ̀ náà láti wò ó, ìka rẹ̀ yóò sì tì í sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán tó wà lẹ́yìn ti ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Kò jalè, kò parọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìka kan péré ló sún. Àwọn tó wá ń ta àwòrán ìhòòhò ọmọ ọlọ́mọ lónìí, ibi ìka kan yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ fún àwọn ilé àtúnṣe, wọ́n sì dọ́gbọ́n sí i kí kọ̀ǹpútà náà lè máa ṣàkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá fi ṣe. Ní mẹ́fà nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, àwọn oníṣẹ́ yẹ ẹrù oníbàárà wò. Ní méjì, wọ́n tiẹ̀ dà á kọ lọ. Ọdún kan náà ni Samsung bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí wọ́n pè ní Maintenance mode sínú fóònù wọn, tí oníbàárà lè tì kí oníṣẹ́ lè ṣiṣẹ́ láì rí nǹkan kan. Google ṣe irú rẹ̀ fún Pixel ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Inú mi dùn sí i, mo sì máa ń kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Síbẹ̀ fóònù tọ́kùnbọ̀ tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní lọ́wọ́ kò ní in. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn oníṣẹ́ nìkan ni ìlẹ̀kùn tó ní.

Nítorí náà, a ṣe ètò ṣọ́ọ̀bù wa kí ó lè ràn wá lọ́wọ́, torí ẹni tó ní ìgbàgbọ́ kò gbọdọ̀ máa fi ara rẹ̀ sínú ìdánwò kí ó wá máa gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yọ òun. Tábìlì iṣẹ́ kọjú sí títì. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń yọ SIM àti mẹ́mórì káàdì kí ó tó lọ. Bí iṣẹ́ kò bá ní pẹ́, a máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó. Fóònù ẹnikẹ́ni kì í bá ọmọ iṣẹ́ lọ sílé. Bébà tí wọ́n bá kọ páásìwọ́ọ̀dù sí, ojú oníbàárà la ti ń fà á ya nígbà tó bá wá gba fóònù, a sì ń sọ fún un pé kí ó yí páásìwọ́ọ̀dù náà padà. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú kò gùn lọ títí, nítorí Òwe Sólómọ́nì ti sọ tirẹ̀ nípa òṣùwọ̀n èké, ọ̀rọ̀ náà sì yé oníṣòwò gbogbo. Bátìrì ayédèrú yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, oníbàárà kò sì ní mọ̀. Láti orí iPhone XS àti XR ti 2018, bí bátìrì kò bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, fóònù fúnra rẹ̀ ń kọ ọ́ síta. Láti iPhone 11 ti 2019, ojú fóònù náà wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wá di olóòótọ́ nídìí iPhone, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta ayédèrú ní owó ojúlówó fún ẹni tó mú Tecno wá. Òótọ́ tó ń dúró de ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ tú àṣírí kì í ṣe èyí tí Olúwa ń bèèrè. A máa ń gbé méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, a ó sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, oníbàárà yóò sì mú èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Àwọn kan tún máa ń bi mí bóyá mo ń gbàdúrà lé fóònù lórí. Mo ń gbàdúrà kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àní lórí fóònù tó ti kú pátápátá, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń la ojú mi sí ibi tí àléébù wà. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í gba ipò mítà. Ní ìlú tí a ti ń lọ ìrẹsì yìí, bí fóònù bá já sómi, inú àpò ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń rì í sí. Ìrẹsì kì í fa omi tó wà lábẹ́ irin inú fóònù, eruku rẹ̀ sì tún ń wọ ojú ìgbà iná. Apple fúnra wọn kìlọ̀ pé kí á má ṣe é mọ́ ní 2024. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n má ṣe fi sórí iná, kí wọ́n tètè gbé e wá kí á tú u, kí á fi spírítì fọ ojú pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí ìpẹtà tó mú un. Ẹni tí mo bá sọ èyí fún ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì wá sọ pé ìgbàgbọ́ mi kéré, mo máa ń dá a lóhùn pé Ọlọ́run tó dá omi ló dá bí omi ṣe ń ba irin jẹ́, kò sì bínú pé mo mọ̀ ọ́n.

Ibi tó ń ná wa lówó jù ni fóònù tí wọ́n tì pa. Láti 2015 tí Android 5.1 ti jáde, bí wọ́n bá nu inú fóònù, yóò ṣì máa béèrè àkáǹtì Google ẹni tó ni ín. Ó ní ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ń gbà fò ó, owó gidi sì wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò wọlé, yóò ní òun ra fóònù, òun kò ní páálí rẹ̀, òun kò mọ ẹni tó tà á fún òun. Àwa kì í ṣí irú rẹ̀. A ní kó mú ẹni tó tà á wá, tàbí kó mú páálí tí nọ́ńbà IMEI wà lára rẹ̀. Púpọ̀ kì í padà wá. Wọ́n ń kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, wọ́n ń san owó náà níbẹ̀, ojú wa náà ni wọ́n sì ń gbà kọjá bí wọ́n bá ń padà lọ. Ó dùn mí nígbà tí owó ilé bá súnmọ́, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé obìnrin kan wà ní ibìkan, bóyá lójú ọ̀nà Ìtòìkín, bóyá nínú ọkọ̀ Àgbówá, tí wọ́n já fóònù yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò lè gba owó lórí omijé rẹ̀ kí n wá ya ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú nítorí owó tuntun tí báǹkì àgbà ṣe, gbogbo ènìyàn bọ́ sórí tíráńsífà lọ́ranyàn. Àwọn ìyá wa tí wọn kò fi fóònù ṣe ju kí wọ́n pe ọmọ lọ kún ṣọ́ọ̀bù wa pé kí á bá wọn fi báǹkì sí i. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa pe PIN wọn síta níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo máa ń ní, “Ẹ má pè é síta, Mà. Ẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́,” màá sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìyá kan bínú, ó ní, “Ṣé mo ní mi ò fọkàn tán ẹ ni?” Mo ní, “Ẹ fọkàn tán mi, Mà. Ẹni tí ẹ ó bá pàdé lọ́la lè má jẹ́ èmi.” Ó gba àkókò púpọ̀, torí ojú ìyá kò ríran dáadáa, ìka rẹ̀ sì tóbi ju nọ́ńbà lọ. N kò rí iṣẹ́ ìsìn kan tí mo ṣe lọ́dún yẹn tó ju jíjókòó ti àwọn ìyá wọ̀nyẹn lọ.

Gbogbo èyí ni mo gbé lọ sí ilé Ọlọ́run, nítorí mo wá rí i pé ohun tí mò ń lé jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, orí Facebook ni ìjọ wa gbé ìsìn lọ. Èmi náà wà lára àwọn tó so kámẹ́rà náà mọ́ òpó. Ó gba ọ̀pọ̀ ọkàn là kúrò nínú ìdáwà. Àmọ́ nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣí padà nínú oṣù kẹjọ, kámẹ́rà kò sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún ẹnì kan, tó ṣubú, tí aṣọ rẹ̀ tú, tó ń ké jẹ́wọ́ ohun tí ó yẹ kí etí àlùfáà nìkan gbọ́, gbogbo ayé ń wò ó. Nínú ẹgbẹ́ àdúrà lórí WhatsApp, wọ́n á kọ ọ́ pé kí á gbàdúrà fún Arábìnrin lágbájá, wọ́n á dárúkọ àrùn rẹ̀, wọ́n á sì dárúkọ ilé ìwòsàn tó wà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti dé etí ẹni tó fẹ́ fún un níṣẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò gidigidi, kò sì sọ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì yọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fi òfin bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ. Mo bi wọ́n pé, bí oníṣẹ́ fóònù bá gbé àwòrán yìí síta láti inú fóònù arábìnrin náà, kí la ó pè é?

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́. Báyìí, bí àdúrà ìtúsílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà yóò yí i sí àwọn akọrin. Ẹni tó bá fẹ́ àdúrà yóò kọ ọ́ fún àlùfáà tàbí ìyá ìjọ nìkan, orúkọ àrùn kò sì gbọdọ̀ wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp bí kò bá jẹ́ pé ẹni náà fẹ́ ẹ. Ibi tí a kò tíì fohùn ṣọ̀kan ni àwọn fídíò àtijọ́ tó ṣì wà lójú ewé ìjọ láti 2020. Àwọn kan ní ẹ̀rí ni wọ́n, pé wọ́n ń mú ọkàn wá sọ́dọ̀ Kristi. Èmi ní kí á wá ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó wà nínú wọn lọ, kí á bi wọ́n, kí á yọ ti ẹni tó bá ní kí á yọ ọ́. Alága ìgbìmọ̀ ní bí ó bá ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ti wà nílé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́ báyìí. Mo lọ bá ìyá rẹ̀, mo ní kí ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí n pe òun, kí ó tó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀.